Bí ara ọmọ kò bá gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣé abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́?

Ìyá ọlọ́mọ méjì kan kọ̀wé sí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní nígbà tí àkọ́bí òun, ọkùnrin, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta báyìí, gba abẹ́rẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, ara rẹ̀ gbóná janjan lóru ọjọ́ náà, itan tí wọ́n gún wú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé sùn. Lóṣù yìí, àbúrò rẹ̀ obìnrin gba abẹ́rẹ́ kan náà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan náà, kò sì sí ohun tó ṣe é: ó mu ọmú, ó sùn, ó jí. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá ń sọ pé abẹ́rẹ́ tí kò mú ara gbóná kò wọlé, pé ó lè jẹ́ omi lásán ni wọ́n fà sí ọmọ náà lára, kí wọ́n lọ tún un gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní London ní tirẹ̀ ní kí ó máa fún ọmọ ní parasítámọ́ọ̀lù kí wọ́n tó kúrò nílé. Ó fi ìbéèrè yìí parí lẹ́tà rẹ̀: “Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àjẹsára náà wà lára ọmọ mi, ọdún mélòó ni yóò sì lò níbẹ̀? Títí ayé ni wọ́n kọ sára káàdì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti ọkọ mi, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, méjì ni mo gbà nígbà oyún àkọ́kọ́, wọ́n tún fún mi ní ọ̀kan nígbà oyún kejì.”

Ìyá wa, ẹ má lọ tún abẹ́rẹ́ náà gbà. Èyí tó kàn fún ọmọbìnrin yín ni ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá, bó bá sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ìgbà tó gba ti àkọ́kọ́, ẹ gbé e lọ. Mo mọ̀ pé ìdáhùn kúkúrú yìí kò ní tẹ́ màmá lọ́rùn, kò sì yẹ kó tẹ́ wọn lọ́rùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn kò ṣàdédé wá. Àwọn àgbà wa rí i lójú ara wọn pé ẹni tí ìgbóná, ìyẹn ṣànpọ̀nná, bá dà dùbúlẹ̀ tó sì yè é kì í tún un ṣe mọ́, èéyi (measles) sì rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti rí èyí láti kékeré lè rò pé bí ìyà bá ṣe pọ̀ tó ni ààbò tó tẹ̀ lé e ṣe ń pọ̀ tó. Èrò yìí náà ló wà lábẹ́ ìbéèrè yín kejì nípa títí ayé àti àìtítí ayé, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ dáhùn méjèèjì pọ̀.

Ohun márùn-ún ló wà nínú abẹ́rẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Penta: ti dífítíríà tí ń dí ọ̀nà ọ̀fun, ti tẹ́tánọ́ọ̀sì, ti ikọ́ àwúbì, ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B, àti ti kòkòrò Hib tí ń fa òtútù àyà àti yínrùnyínrùn. Nínú márààrún, ti ikọ́ àwúbì ló máa ń dá ibà sílẹ̀ jù, nítorí pé odidi kòkòrò náà tí wọ́n ti pa ni wọ́n fi ṣe é, ara òkú kòkòrò yìí sì ní àwọn nǹkan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ẹran itan ọmọ máa ń dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àlejò burúkú ni. Láàrin wákàtí díẹ̀ wọ́n á tú àwọn èròjà kan sílẹ̀, èyí tí ẹ̀jẹ̀ á gbé dé ọpọlọ, ọpọlọ á sì gbé ìwọ̀n ooru ara sókè. Ẹ̀jẹ̀ á tún ya wọ ojú ibi tí wọ́n gún, ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á sì máa ro ọmọ. Nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, gbogbo rẹ̀ á ti rọlẹ̀. Bí fèrè ọlọ́dẹ àdúgbò ni: fèrè á dún, gbogbo ilé á jí, ṣùgbọ́n kì í ṣe fèrè ló ń jẹ́ kí ọlọ́dẹ dá ojú olè mọ̀ bó bá padà wá ní ọdún tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ kejì, èyí tí a tìtorí rẹ̀ gún ọmọ, kì í pariwo. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á gbé ègé kòkòrò náà láti inú itan lọ sí àwọn kókó tó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn. Nínú kókó wọ̀nyí ni àìmọye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ ìrísí ohun kan ṣoṣo. Èyí tí ìrísí tó mọ̀ bá bá ègé náà mu ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di púpọ̀, yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe kí ó lè di kòkòrò náà mú dáadáa sí i, yóò sì máa ṣe áńtíbọ́dì, ìyẹn èròjà tí ń ṣàn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láti gbógun ti àrùn. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni èyí máa ń gbà kó tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀, àtúnṣe náà sì lè máa bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní gbogbo àkókò yìí ọmọ ń mu ọmú, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni kò sì lè fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ kó sọ pé iṣẹ́ ń lọ. Lóòótọ́, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló ń ta èkejì jí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí èkejì nílò kéré gan-an sí èyí tí ẹ lè fi ọwọ́ tàbí tẹmómítà mọ̀.

Èé ṣe tí ti ẹ̀gbọ́n fi pariwo tí ti àbúrò kò sì pariwo? Ohun tí kálukú jogún wà ńbẹ̀, nítorí pé ara ẹnì kan máa ń tú àwọn èròjà ibà yẹn sílẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Áńtíbọ́dì tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ nínú oyún wà ńbẹ̀, ibi tí abẹ́rẹ́ wọ̀ dé nínú ẹran itan wà ńbẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ibà mìíràn ló bá abẹ́rẹ́ pàdé. Èyí tí mo máa ń rí jù lọ́jọ́ àjẹsára ni pé bí ìyá kan bá ti ṣe wàhálà pẹ̀lú ọmọ àkọ́kọ́, yóò máa fọwọ́ kan èkejì ní wákàtí wákàtí, ohun tí à ń ṣọ́ sì ni a máa ń rí. Àgbàlagbà pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń dán abẹ́rẹ́ Kòrónà wò, àwọn kan wà tí wọ́n fún ní omi tí kò ní àjẹsára nínú láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, ó sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó sọ pé nǹkan kan ń ṣe àwọn, irú bí kí orí máa fọ́ni tàbí kí ó rẹni.

Ní ti bóyá ẹni tí ara rẹ̀ gbóná ní ààbò ju ẹni tí tirẹ̀ kò gbóná lọ, mi ò fẹ́ fi nǹkan pa mọ́ fún yín. Àwọn ìwádìí kan lórí abẹ́rẹ́ Kòrónà rí i pé áńtíbọ́dì àwọn tí ibà mú fi díẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ nǹkan kan lára náà ní i lọ́pọ̀lọpọ̀, ìyàtọ̀ náà sì kéré débi pé kò sí dókítà tó lè fi í sọ fún ẹnì kan pé tìrẹ mú, tìrẹ kò mú. Ibi kan wà tí màmá ti fẹ́ẹ́ jàre, ẹ sì lè sọ ọ́ fún wọn. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti pa abẹ́rẹ́ ikọ́ àwúbì olódidi-kòkòrò tì ní Britain, tí wọ́n ń lo èyí tí wọ́n yọ ègé díẹ̀ lára kòkòrò náà fi ṣe. Amẹ́ríkà ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. Ibà tirẹ̀ kéré, àwọn òbí sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ tètè ń rẹlẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí ikọ́ àwúbì gbilẹ̀ ní California ní 2010, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ wọn pé wà lára àwọn tó kó o. Nítorí náà, bí a bá fi abẹ́rẹ́ wé abẹ́rẹ́, èyí tó le lára jù lè jẹ́ èyí tó pẹ́ jù nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kan náà ni àwọn ọmọ yín méjèèjì gbà. Ohun tó mú kí ó pẹ́ wà nínú ìgò, kò sí nínú ibà ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní London pẹ̀lú kì í ṣe irọ́, àmọ́ abẹ́rẹ́ mìíràn ló ń sọ nípa rẹ̀. Láti 2015 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ jòjòló ní Britain ní àjẹsára yínrùnyínrùn irú B, èyí tí ń mú ara ọmọ gbóná gan-an, wọ́n sì ní kí òbí fún ọmọ ní parasítámọ́ọ̀lù láìdúró de ibà, nítorí pé wọ́n ti dán an wò pé kò dí abẹ́rẹ́ yẹn lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ yẹn kò sí nínú ètò tiwa. Fún irú àwọn tí a ń gún níbí, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Czech Republic, tó jáde ní 2009, fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní parasítámọ́ọ̀lù láti dènà ibà kò ní áńtíbọ́dì tó ti àwọn tí wọn kò fún. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ní èyí tó lè dáàbò bò wọ́n, nítorí náà kò yẹ kí ẹni tó ti lò ó máa dààmú. Ṣùgbọ́n kò sídìí láti lo oògùn ibà kí ibà tó dé. Bí ara ọmọ bá gbóná tí kò sì lè sinmi, ẹ fún un nígbà náà, kí ó jẹ́ ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì fi ìwúwo ọmọ náà ṣírò, ẹ máa fún un ní ọmú léraléra, ẹ má fi aṣọ pọ̀ mọ́ ọn lára. Asipirín kò yẹ ọmọdé rárá.

Àkókò tí ohun kan bẹ̀rẹ̀ sọ nǹkan ju bó ṣe le tó lọ. Ibà Penta kì í sábà kọjá ọjọ́ méjì. Ti abẹ́rẹ́ èéyi yàtọ̀: nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn tí ọmọ bá gbà á ni ara rẹ̀ lè gbóná tí nǹkan wínníwínní sì lè sú sí i lára, nítorí pé kòkòrò alààyè tí wọ́n ti sọ di ọ̀lẹ ni, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Ìyá tí kò mọ èyí á rò pé ibà lásán ni, ẹni tí wọ́n bá sì gún ọmọ rẹ̀ lónìí, tí ara ọmọ náà gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà, á di ẹ̀bi ru abẹ́rẹ́ èéyi tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. BCG, ìyẹn abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n gún sí apá òsì nígbà ìbímọ máa ń fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dákẹ́ kó tó di egbò kékeré tí yóò dápàá. Ẹ má fi nǹkan kan sí i. Bí ibà bá kọjá ọjọ́ méjì lẹ́yìn Penta lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, bí ọmọ bá kọ ọmú, tó rọ jọwọlọ, tó sunkún fún wákàtí mẹ́ta láìdákẹ́, tàbí tí gìrì mú un, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má sọ pé abẹ́rẹ́ ni, yóò lọ. Gìrì tí ibà fà máa ń dẹ́rù bani ju bó ṣe ń ṣe ọmọ léṣe lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ti ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo sí i, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná.

Àwọn ìpalára tó le wà, mi ò ní sọ pé kò sí. Èyí tí a ń bẹ̀rù jù ni kí ara kọ abẹ́rẹ́ náà lójijì, kí ojú àti ètè wú, kí èémí há. Nǹkan bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù abẹ́rẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀ sí, ó sì sábà máa ń jẹ́ láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń ní kí ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó lọ. Oògùn tó ń dá a dúró yẹ kó wà ní ibi tí wọ́n ti ń gúnni. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ náà lè dá àìsàn ńlá sílẹ̀ lára ènìyàn díẹ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí náà ó yẹ kí irú wọn bá dókítà sọ̀rọ̀ ná. Ohunkóhun tó bá yà yín lẹ́nu, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àjọ NAFDAC ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú tààrà pẹ̀lú. Bí ohun kan tó le bá ti ṣe ọmọ lẹ́yìn Penta, kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó gún èyí tó kàn.

Ní ti “omi lásán,” abẹ́rẹ́ lè bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ọmọ kọ́ ni ẹ ti máa mọ̀ ọ́n. Lára ìgò rẹ̀, àmì róbótó kékeré kan wà tí onígun mẹ́rin wà láàrin rẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ṣì dára, onígun mẹ́rin inú á mọ́ ju òbìrí tó yí i ká lọ. Bí ooru bá ṣe ń kàn án sí ni yóò máa dúdú sí i, bí àwọ̀ méjèèjì bá sì ti dọ́gba, tàbí tí inú dúdú ju ìta lọ, dídà á nù ni. Ẹ lè ní kí nọ́ọ̀sì fi hàn yín, kò sí nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò bínú sí i. Àmì náà kì í sọ̀rọ̀ nípa dídì, bẹ́ẹ̀ dídì ń ba Penta jẹ́ ju ooru lọ, nítorí náà inú òtútù tí kò rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n 2 Celsius lọ tí kò sì ga ju 8 lọ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ohun mìíràn tó lè mú kí abẹ́rẹ́ má mú ni áńtíbọ́dì ìyá tó ṣẹ́ kù lára ọmọ. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó bá gba ti èéyi ní oṣù kẹsàn-án, nǹkan bí 85 ni yóò mú. Ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún wà nítorí àwọn tó ṣẹ́ kù, kì í ṣe pé ti àkọ́kọ́ ti gbó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ ẹni tí ó mú lára rẹ̀ àti ẹni tí kò mú, a kì í sì í ṣe é fún gbogbo ọmọ. Ìdí tí a fi ń gún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọdún tí ó ń lò. Ní 1846, èéyi wọ erékùṣù Faroe, tó wà nínú òkun ní àríwá Yúróòpù, ó sì mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan, Peter Panum, ṣàkíyèsí pé àwọn arúgbó tí èéyi ti ṣe nígbà tó wá ní 1781 ni kò mú, bẹ́ẹ̀ ọdún márùndínláàádọ́rin ni èéyi fi kúrò níbẹ̀. Òde òní ni a tó mọ ibi tí ìrántí náà ń gbé: àwọn sẹ́ẹ̀lì kan máa ń kúrò nínú kókó lọ jókòó sínú mùdùnmúdùn eegun, wọ́n á sì máa ṣe áńtíbọ́dì níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé àrùn wà, àwọn mìíràn kì í ṣe é, wọ́n kàn ń dúró de ọjọ́ tí kòkòrò bá padà wá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2007 rí i pé áńtíbọ́dì èéyi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù rárá ní gbogbo ayé ènìyàn, ṣùgbọ́n ti tẹ́tánọ́ọ̀sì ń dín sí ìdajì láàrin nǹkan bí ọdún mọ́kànlá.

Irú ohun tó wà nínú ìgò ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ jẹ́ kòkòrò alààyè, ìtàn rẹ̀ sì kàn wá: ní 1927, ìgbìmọ̀ oníwàádìí kan tí ibùdó rẹ̀ wà ní Yaba, l'Ékòó, rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast (Ghana òde òní), láti ara rẹ̀ sì ni Max Theiler ti ṣe àjẹsára tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951, tí gbogbo ayé ṣì ń lò. Ó máa ń pọ̀ sí i lára fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀kọ́ tí ara kọ́ sì ń jinlẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, láti oṣù Keje 2016, káàdì tí ọdún mẹ́wàá ni tẹ́lẹ̀ di ti títí ayé. Fún àgbàlagbà bí ọkọ yín, mo fara mọ́ ọn. Ti ọmọ tó gbà á ní oṣù kẹsàn-án ni mo ṣì ń fojú sọ́nà fún, torí pé ìwádìí ní Mali àti Ghana fi hàn pé áńtíbọ́dì dín kù púpọ̀ lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún mélòó kan. Brazil tilẹ̀ ti ń tún un gún fún wọn ní ọmọ ọdún mẹ́rin.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí kòkòrò alààyè nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Oró tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ni, kò sì lè pọ̀ sí i. Àrùn náà fúnra rẹ̀ kì í fi ààbò sílẹ̀, nítorí pé oró tó lè pa ènìyàn kéré débi pé ara kò ní rí i tó láti kọ́ nǹkan kan, ẹni tó bá sì yè é ṣì gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́. Ẹ gbé èyí síwájú màmá: ìyà ńlá, ààbò òfo. Ohun mìíràn tún ni pé oró yìí kì í dúró de ìrántí kó tó ṣiṣẹ́ ibi, àfi kí áńtíbọ́dì ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ṣáájú. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B yàtọ̀ sí i; oṣù kan àbọ̀ sí mẹ́fà ló ń lò lára kí àìsàn tó hàn, nítorí náà bí áńtíbọ́dì bá tiẹ̀ ti tán, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó rántí á ti ráyè ṣe òmíràn. Ti ikọ́ àwúbì máa ń rẹlẹ̀ láàrin ọdún mẹ́rin sí méjìlá, ti dífítíríà náà sì ń rẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nígbà tí dífítíríà gbilẹ̀ ní Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ rárá ló pọ̀ jù nínú wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n tún dífítíríà àti tẹ́tánọ́ọ̀sì gún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọmọ tó di ọ̀dọ́, bẹ́ẹ̀ Penta tiwa parí sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yín bóyá wọ́n ní i fún àkọ́bí yín, kí ẹ sì wo káàdì rẹ̀ bóyá ó gba ti èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni ẹ ti gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kà á. Bí méjì àkọ́kọ́ bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán jìnnà síra, tí ẹ̀kẹta sì wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ ní ààbò fún ọdún márùn-ún. Ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn ọdún kan, á sọ ọ́ di mẹ́wàá. Ẹ̀karùn-ún, lẹ́yìn ọdún kan sí i, á tó yín títí ẹ ó fi bímọ tán. Ẹ kò ní láti dúró de oyún kí ẹ tó gba méjì tó kù. Ẹ mú káàdì tiyín dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé ọmọ lọ gba èyí tó kàn, kí wọ́n wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀.